Láti Ẹnu Ẹ̀rọ Kan sí Ẹnu Ọ̀pọ̀ Ẹ̀rọ: Ìtàn Valgrind àti Ohun Tó Kọ́ Wa Nípa Èdè Wa

Ní sáà tó kọjá, àwa méjì tí à ń kọ́ èdè Yorùbá wọ ọkọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìkọ̀lé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì ń gbé kàwé. Ó ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń bá èèyàn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a kó fún un. Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kí o tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti jáde. Lórí fóònù tiwa, a tẹ̀ ẹ́, a dúró, a tún dúró. Ọ̀kan nínú wa bèèrè bóyá fóònù ti sùn lọ ni.

Ètò kan náà ni o. Kóòdù kan náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í méfò: ó lè jẹ́ pé fóònù ti gbó, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú àkójọ ti pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a má fojú díwọ̀n ohun tí a lè wọ̀n. Ó gbé irinṣẹ́ kan jáde tó ń wọn ibi tí ètò ń náwó àkókò rẹ̀ sí. A rí i nígbẹ̀yìn pé àmì ohùn ló fa wàhálà: gbogbo ìgbà tí a bá wá ọ̀rọ̀ kan ni ètò náà ń tú àmì ohùn gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkójọ palẹ̀ tó sì ń tún un tò, dípò kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó sì fi pamọ́. Láptọ́ọ̀pù lágbára tó láti bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Fóònù kò lágbára bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ wa sọ lẹ́yìn náà ló gbé wa dé ibi ìtàn yìí. Ó ní nígbà kan, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ èdè fóònù rárá. Èdè ọpọlọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gbọ́. A bi í pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní èdè mìíràn. A lọ kà á, èyí sì ni ohun tí a bá bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n

Bí èèyàn bá fẹ́ kí ìrìnàjò Ìkọ̀lé sí Adó yá, kò wúlò kó máa bẹ awakọ̀ pé kó sáré bó bá jẹ́ pé gáréèjì ni àkókò ń bá lọ, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àkókò ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Ní 1971, Donald Knuth ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ètò tí àwọn èèyàn kọ ní èdè FORTRAN. Ó rí i pé ìdá tí kò tó 4 nínú 100 ètò ló sábà máa ń gba ju ìdajì gbogbo àkókò iṣẹ́ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń tún ibi gbogbo ṣe láìwọ̀n ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò.

Irú ètò tó ń ṣe ìwọ̀n yìí la ó máa pè ní atọpinpin. Ọ̀kan tó lókìkí jù nínú wọn ni gprof, tí Susan Graham, Peter Kessler àti Marshall McKusick ti Yunifásítì California ní Berkeley kọ nípa rẹ̀ ní 1982. Kì í ṣe pé ó sọ iye àkókò tí apá kọ̀ọ̀kan gbà nìkan. Ó tún sọ ẹni tó rán apá náà níṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ lè má jẹ̀bi rárá. Ẹni tó ń rán an nígbà ẹgbẹ̀rún lójúmọ́ ló yẹ kí a bá wí.

Èdè tó pọ̀ ju ọ̀kan lọ

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní pírósẹ́sọ̀, tí a lè pè ní ọpọlọ ẹ̀rọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá, nọ́ńbà ló gbọ́: nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí pé kó ro nǹkan méjì pọ̀, òmíràn túmọ̀ sí pé kó gbé nǹkan láti ibi kan sí ibòmíràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdílé ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìdílé x86, tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa, bẹ̀rẹ̀ láti ara Intel 8086 tó jáde ní 1978. Ìdílé ARM, tó wà nínú fóònù wa, bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Acorn ní ìlú Cambridge, ọpọlọ àkọ́kọ́ wọn sì ṣiṣẹ́ ní 1985. Nínú x86, àṣẹ kan lè gùn tó báìtì 1, ó sì lè gùn tó 15. Nínú ARM àtètèkọ́ṣe, báìtì 4 ni gbogbo àṣẹ, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan kò gbọ́ èkejì.

Àwọn tó ń kọ ètò ti rí ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn ní èdè tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kankan, ògbufọ̀ á wá túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó bá wà nílẹ̀. Ní 1973 ni wọ́n tún Unix kọ ní èdè C ní Bell Labs. Kí ọdún 1978 tó parí, wọ́n ti gbé e kúrò lórí PDP-11 lọ sórí ẹ̀rọ Interdata tí kò bá a tan rárá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń ti ara ẹ̀rọ kan bọ́ sí ara òmíràn.

Ṣùgbọ́n atọpinpin kò lè sá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an, àṣẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹni tó ń rojọ́. Ìdí nìyẹn tí irú irinṣẹ́ yìí fi máa ń kún fún kóòdù tó mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Valgrind, ọmọ x86

Ní 2002 ni Julian Seward, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ bzip2 ṣáájú, gbé ẹ̀dà 1.0 Valgrind jáde fáráyé. Orúkọ náà wá láti inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Àríwá Yúróòpù. Ó jẹ́ orúkọ ẹnu ọ̀nà sí gbọ̀ngán àwọn akọni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe ni láti wá àṣìṣe nínú bí ètò ṣe ń lo ìrántí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí Nicholas Nethercote, tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cambridge, fi kọ Cachegrind, atọpinpin tó ń fara wé káàṣì, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tó sún mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni Josef Weidendorfer láti Jámánì kọ Callgrind, tó ń sọ ẹni tó rán ẹnìkejì níṣẹ́ bíi ti gprof.

Valgrind kì í jẹ́ kí ètò tí à ń wọ̀n bá ọpọlọ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ó máa ń jókòó sáàárín wọn bí ògbufọ̀ ààfin. Yóò gba àṣẹ díẹ̀ lọ́wọ́ ètò náà, yóò sọ wọ́n di èdè inú tirẹ̀, yóò ki ìbéèrè tirẹ̀ bọ àárín wọn, yóò sì tún wọn sọ di èdè ẹ̀rọ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Nítorí èyí, ètò máa ń falẹ̀ gan-an lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn sọ pé Memcheck, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe ìrántí, lè mú kí ètò falẹ̀ ní ìlọ́po 10 sí 50.

Èdè inú àkọ́kọ́ yẹn ń jẹ́ UCode. Ní orúkọ, èdè àárín ni. Ní ìṣe, x86 tó wọ agbádá ni. Ó ro pé àwọn àpò nọ́ńbà x86 ni gbogbo ẹ̀rọ ní, ó sì gba àṣà x86 bí ẹni pé kò sí àṣà mìíràn láyé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí x86 nìkan ni wọ́n ti ń lò ó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ mìíràn ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò lè lò ó rárá.

Àtúntò 2005

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Valgrind gbọ́ AMD64 àti PowerPC, ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Èkíní ni kí wọ́n máa fi "bó bá jẹ́ ẹ̀rọ báyìí, ṣe báyìí" kún gbogbo ojú ewé kóòdù. Ọ̀nà yìí yá ní òní, ó sì ń di ẹrù ní ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí irinṣẹ́ bá jẹ́ 6, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ 8, ibi 48 ni wọ́n ó ti máa tún nǹkan ṣe. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wó ilé náà kí wọ́n sì tún un kọ́: ògbufọ̀ kan tó ń gbọ́ èdè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wọlé, ògbufọ̀ kan tó ń sọ ọ́ jáde, àti irinṣẹ́ tó gbọ́ èdè àárín nìkan. Ẹ̀rọ 8 lọ́nà 2, irinṣẹ́ 6, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 22. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, ògbufọ̀ méjì péré ni yóò fi kún un.

Ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà. Ní oṣù kẹjọ 2005, Valgrind 3.0 jáde pẹ̀lú èdè àárín tuntun tó ń jẹ́ VEX. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí kóòdù rẹ̀ wò, yóò rí àtúntò yìí lójú ara rẹ̀: fáìlì kan wà tó ń jẹ́ guest_x86_toIR.c, òmíràn ń jẹ́ guest_arm_toIR.c. Ohun tó jẹ́ ti x86 wà ní ilé x86. Ohun tó jẹ́ ti ARM wà ní ilé ARM. Kò sí èyí tó ń sùn sórí ibùsùn ẹnìkejì.

Àpẹẹrẹ kan wà tó dùn mọ́ wa gan-an. Nínú x86, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ro nǹkan pọ̀ tàbí yọ nǹkan kúrò ló máa ń fi àmì sílẹ̀: ṣé òfo ni èsì, ṣé ó kún jù, ṣé ó kéré sí òfo? Ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí ẹni tó wo àmì náà kí iṣẹ́ mìíràn tó pa á rẹ́. Bí VEX bá ń ṣírò gbogbo àmì yìí, iṣẹ́ asán ni yóò máa ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò kọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè àmì ni yóò tó ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ARM dé, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò fún àmì tirẹ̀. Àṣà ẹ̀rọ kan ti di ìmọ̀ tí gbogbo ilé ń lò, láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá sọ ARM di x86.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. PowerPC dé nínú ẹ̀dà 3.1 ní òpin 2005. ARM dé nínú 3.6 ní 2010. Android tẹ̀ lé e nínú 3.7 ní 2011. ARM oní-bíìtì 64, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, dé nínú 3.10 ní 2014. Ẹ wo ọdún méjì yìí: 2002 fún láptọ́ọ̀pù, 2010 fún ìdílé fóònù. Ọdún 8 ni àwọn tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ ARM fi dúró níta. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, láti Ìdó dé Ìkọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù jẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan ṣoṣo kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ wa ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Cambridge nìkan.

Ohun tí èdè àárín kò lè sọ

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ bá ara mu tán. Àwọn àṣẹ kan wà tí ẹ̀rọ kan ní tí kò sí níbòmíràn. CPUID jẹ́ ọ̀kan nínú x86: èèyàn á fi bi ọpọlọ ẹ̀rọ pé, "Ta ni ọ́, kí lo sì ní?" VEX kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Dípò kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú èdè àárín nítorí ẹ̀rọ kan, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan: èdè àárín lè ránṣẹ́ pe olùrànlọ́wọ́ kan tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ yẹn nìkan, kó jẹ́ iṣẹ́ náà kó sì padà.

Cachegrind náà pàdé irú ọ̀ràn yìí. Lórí x86, ó lè fi CPUID bèèrè bí káàṣì ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. Nígbà tí wọ́n mú un dé orí PowerPC àti ARM, kò sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí ètò lásán lè bi ẹ̀rọ. Wọ́n wá fi ìwọ̀n àfojúdá sí i, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń lò ó sọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá wọn nǹkan lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìsọ ohunkóhun, iye tí o rí lè jẹ́ ti ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ ti gbọ́ èdè rẹ, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ilé rẹ.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tó ń lo nọ́ńbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ ń kà fúnra rẹ̀ bá ìṣòro kan náà pàdé. Pentium ti 1993 ní àwọn ibi ìkànìyàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ń pè wọ́n ní orúkọ tó wù ú. Yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà kọ PAPI láti fún wọn ní orúkọ àjùmọ̀lò. Ní 2009, perf wọ inú Linux 2.6.31 pẹ̀lú orúkọ bíi cycles àti cache-misses tó ń ṣiṣẹ́ lórí onírúurú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n perf tún gbà kí èèyàn kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an sílẹ̀ bí orúkọ àjùmọ̀lò kò bá tó o sọ. Ilẹ̀kùn kékeré yẹn tún nìyí.

Ìtàn tiwa náà ni

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláásì ẹ̀ka-èdè yóò ti rí ibi tí à ń lọ. Yorùbá àjùmọ̀lò ni èdè àárín tiwa. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1843, títí dé ìpàdé Èkó ti 1875 lórí àkọtọ́, títí dé ìgbìmọ̀ 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ìbéèrè kan náà ni: báwo ni ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Èkìtì yóò ṣe ka ìwé kan náà? Wọn ò lè kọ ìwé lọ́nà mẹ́wàá fún ẹ̀ka-èdè mẹ́wàá. Wọ́n yan àárín kan, gbogbo wa sì jèrè rẹ̀. Bí kò bá sí i, a ò ní lè kọ èyí kí ẹ sì kà á.

Àmọ́ ara Ọ̀yọ́ ni àárín náà ti gbà púpọ̀ jù, bí UCode ṣe gba tirẹ̀ lára x86. Olùkọ́ kọ́ wa pé kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ Ìkọ̀lé bá délé, "ulé" ni yóò wọ̀, "uṣu" ni yóò sì gún. Òfin náà tọ́ fún àjùmọ̀lò. Kò tọ́ fún Yorùbá lápapọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni àkọtọ́ ní lẹ́tà fún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé mẹ́sàn-án ló wà nínú Yorùbá Èkìtì. Méjì nínú ohùn ìyá wa kò ní ilé nínú ìwé.

Ohun tí a rí kọ́ lára Valgrind ni pé kò pọn dandan kí a yàn láàárín àjùmọ̀lò àti ẹ̀ka-èdè. Àwọn tó tún un tò kò sọ pé kí x86 gbàgbé ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní fáìlì tirẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àárín jẹ́ àárín ní tòótọ́, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohun tí àárín kò lè sọ. Àwa ti ní àárín. Fáìlì Ìkọ̀lé, ti Ọ̀yẹ́ àti ti Ìdó ni a kò tíì kọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà kò tíì ṣí dáadáa.

Ọ̀rẹ́ wa ti tún ètò rẹ̀ ṣe. Ó ń tú àmì ohùn lẹ́ẹ̀kan péré báyìí, fóònù wa kò sì sùn mọ́. Nígbà tí a dán an wò, ọ̀kan nínú wa tẹ "ulé" sínú rẹ̀. Ètò náà dáhùn kíákíá pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A wo ara wa. Ìwọ̀n yẹn kò gba irinṣẹ́ kankan: a mọ ibi tí àléébù wà, a sì mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀rọ̀ Èkìtì jọ láti fi kún un, a sì ń kọ orúkọ ìlú tí a ti gbọ́ ọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti gboyè jáde, bí ẹ bá padà sílé ní ìsinmi yìí, ẹ fetí sí ìyá àgbà dáadáa, kí ẹ sì bá wa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀.